Igun Ni Kí O Bi Í

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè gbé kámẹ́rà onígi lé èjìká kí n tún sáré bá mọ́tò, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé òun mọ lẹ́ńsì jù mí lọ. Àfi ọ̀gá mi. Ẹ gbọ́, mo ní àfi ọ̀gá mi… Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ìwọ Tọ́pẹ́, o lè mú tìẹ dání, torí o ní o fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀. Ẹ̀yin yòókù, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ohun tí Tọ́pẹ́ yìí fi ojú mi rí kí a tó ya fọ́tò ìdílé, inú ṣì ń bí mi. Ọmọ tí mo rò pé ó gbọ́n jù nínú yín. Ó wá bá mi níbí, ní Fẹ́sítáàkì, ó ní Bàbá, ẹ yá mi ní kámẹ́rà ńlá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ó ní òun fẹ́ fi ya gbogbo ìdílé lọ́jọ́ Sátidé, ní ilé bàbá rẹ̀ ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, kí Fẹ́mi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyàwó tó kó lọ sí Kánádà. Ó ní a ò mọ ìgbà tí gbogbo wa tún máa pé jọ. Òótọ́ ni. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, ẹni tó bá lọ sí Kánádà báyìí, ṣé èmi ni màá kí i káàbọ̀?

Inú mi dùn, mo gbé kámẹ́rà fún un. Ó gbé e lọ bá kápẹ́ńtà kan ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, ìyẹn tún ẹsẹ̀ tí kámẹ́rà fi ń dúró ṣe. Ó lọ ra fíìmù, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àyà èèyàn ní ọsibítù, torí a ò rí ẹni tó ń ta irú tiwa mọ́. Ọgbọ́n nìyẹn, mo yìn ín. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ fíìmù. Èyí fẹ̀ ní ínṣì mẹ́rìnlá, ó gùn ní mẹ́tàdínlógún. Ó tó fèrèsé ilé ìwẹ̀.

Ṣùgbọ́n lẹ́ńsì ńkọ́? Kámẹ́rà tóbi bí àpótí aṣọ, ó wá lọ ra lẹ́ńsì kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń dán yinrin. Mo ní lẹ́ńsì yìí ò tó. Ó ní Bàbá, ó tó, ẹni tó tà á ní ó tó. Mo ní ṣé ẹni tó tà á ló máa bá ẹ ya fọ́tò ni? Ó ní òun ti dán an wò. Níbo? Nínú pálọ̀. Ó gbé ife tíì síwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo gíláàsì tí wọ́n ń wò lẹ́yìn kámẹ́rà. Mo jókòó. Torí àṣìṣe yẹn gan-an, èmi ti ṣe é rí, kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kó má dà bíi pé mò ń pariwo lásán. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú lẹ́ńsì jáde, roboto ni, bí àwo. Fíìmù ní tirẹ̀ ní igun mẹ́rin. Bí àwo yẹn ò bá tóbi tó láti bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igun á ṣókùnkùn. Ó parí. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ ṣe ìṣọ́ òru, kò ní mọ́lẹ̀. Ẹ ò sì ní wọn ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì kẹ́ ẹ ní ó ti tó. Láti igun òkè lápá ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ẹ ó ti wọ̀n ọ́n. Ti kámẹ́rà yìí, ínṣì méjìlélógún ni, ó tún lé díẹ̀. Ibi tí ẹ̀tàn wà rèé, ẹ gbọ́ o: bí ohun tí ẹ fẹ́ yà bá sún mọ́ yín, ẹ ó fa kámẹ́rà gùn, àwo ìmọ́lẹ̀ yẹn á fẹ̀. Bí ohun náà bá jìnnà, ẹ ó tì í wọlé, àwo á kéré. Lẹ́ńsì tó ṣe dáadáa fún ife tíì, bó bá di ogójì èèyàn lójúde, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ọ̀gá mi sì sọ fún mi. Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Èèyàn kúkúrú, wọ́n máa ń jẹ obì nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Wọn kì í lu èèyàn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn… Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ sílé, mo ti gba fíríìdọ̀mù nígbà yẹn, wọ́n yá mi ní kámẹ́rà yìí kan náà, wọ́n ní kí n mú lẹ́ńsì ńlá dání. Idẹ ni ara lẹ́ńsì ọ̀hún, ó wúwo bí ọmọ odó. Mo ní ṣé kí n kúkú mú kékeré yìí, sà, òun ló mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Má wo àárín. Kò sí lẹ́ńsì tí kò mọ àárín. Igun ni kí o bi í." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Bí wọ́n ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ti lẹ́ńsì ńlá sẹ́yìn àpótí. Mo dán kékeré wò nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbé aago orí tábìlì síwájú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kún. Mo wọ mọ́tò.

Ilé wa ní Ìṣẹ́yìn. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù sílé tuntun, gbogbo agbo ilé ló fẹ́ wọ fọ́tò. Ẹ̀yin òde òní, ẹ máa ń fún mọ́ra yín ni, ẹ ó yọ ahọ́n síta, ẹ ó ní ẹ ń ya fọ́tò. Nígbà yẹn, oníkálukú mọ àyè rẹ̀. Bàbá mi àtàwọn ẹ̀gbọ́n wọn lórí àga láàárín. Àwọn ọkùnrin dúró lẹ́yìn. Àwọn ìyàwó ilé jókòó sórí ẹní níwájú, àwọn àgbà láàárín, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ìpẹ̀kun. Àyè Màmá mi wà láàárín. Ṣùgbọ́n àwọn ló ń dáná fún gbogbo èrò yẹn. Wọ́n pè wọ́n títí. Kí wọ́n tó fi omi ṣan ọwọ́ dé, ẹní ti kún. Àwọn ìyàwó kéékèèké fẹ́ dìde, Màmá ní kí wọ́n jókòó, ibí ti tó àwọn. Wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun ẹní, lápá òsì.

Wọ́n wá pè mí. "Àlàbí, ṣé mo wọ ibẹ̀?"

Mo wà lábẹ́ aṣọ dúdú, mò ń wo gíláàsì, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń dorí kodò. Ṣé mo wo igun? Mi ò wò ó. Fìlà bàbá mi ni mò ń wò, bóyá ó gún. Mo ní, "Ẹ wọ ibẹ̀, Màmá."

Nígbà tí fọ́tò jáde nínú omi, ọ̀gá mi ló mú un sókè. Wọ́n fi ìka lé igun rẹ̀ kan. Bàbá mi hàn kedere, èèyàn lè ka irun àgbọ̀n wọn. Òrùlé ṣókùnkùn lókè, ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni. Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, dúdú. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ níbẹ̀, lórí orúnkún. Ọwọ́ Màmá mi. Mo ní màá padà lọ yà wọ́n, àwọn nìkan, lórí àga. Mò ń sọ ọ́, iṣẹ́ ò jẹ́ n ráyè. Wọ́n kú kí ọdún tó yí po. Ẹ ti bi mí rí ìdí tí fọ́tò Ìyá Àgbà, Màmá mi yìí, ò fi sí lára ògiri mi, mo sì máa ń ní ó jóná. Irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sí fọ́tò kankan tó jóná.

Ẹ wá rò ó, kí Tọ́pẹ́ jókòó síwájú mi, kó máa ròyìn ife tíì fún mi. Mo gbé kámẹ́rà sí ojú fèrèsé, mo kọjú rẹ̀ sí táńkì omi tó wà lópin àfẹ́nù wa. Mo ní wo igun. Ó ní ó ṣókùnkùn díẹ̀. Díẹ̀ kẹ̀! Mo kọ́ ọ bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: wọ́n gé igun gíláàsì yẹn díẹ̀, fi ojú síbẹ̀, kí o wo ihò lẹ́ńsì. Bó bá rí roboto, ìmọ́lẹ̀ dé ibẹ̀. Bó bá tẹ̀ bí ojú ológbò, kò dé délẹ̀. Ó wò ó, kò rí ihò kankan. Ó dín ihò lẹ́ńsì kù, òkùnkùn sún sẹ́yìn díẹ̀, kò lọ. Ó ṣì ń jiyàn. Ó ní òun máa fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Mo ní níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ tún ṣe? Ṣé ó mọ ojú ẹni náà rí ni? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó wá ní kò sí wàhálà, àwọn tó ṣe pàtàkì máa wà láàárín.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo bi í pé ta ló máa wà ní igun. Ó ní, "Mọ́mì ni. Wọ́n á ṣì wà ní kíṣìnì títí gbogbo wa á fi jókòó."

Mi ò bá a jà mọ́. Mo wọ yàrá, mo fa agolo bisikíìtì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́ńsì ńlá ló wà níbẹ̀, mo fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé e. Ọ̀gá mi ló fún mi, òun àti kámẹ́rà, kí wọ́n tó kú, ojú sì ń tì mí láti fi í han ẹnikẹ́ni. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín yìí fún Tọ́pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kó gbé ojú kúrò, kó má sunkún sórí lẹ́ńsì mi.

Sátidé dé, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ ti gbé àga ńlá sáàárín dè mí. Ìyá Tọ́pẹ́, ìyàwó ọmọ mi, sáré jáde láti kíṣìnì, épírọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń lọ sí ìpẹ̀kun ẹní. Mo ní kó máa bọ̀ wá jókòó sórí àga. Ó kúnlẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè jókòó sórí àga yín. Mo ní bí kò bá jókòó, mi ò ní wọ fọ́tò kankan. Mo lọ jókòó sórí ẹní, ní ìpẹ̀kun, lápá òsì. Pẹ̀lú orúnkún yìí. Ẹ̀yin ń pariwo lé mi lórí, Fẹ́mi ní Bàbá, ẹ dìde, àwọn èèyàn á ní a fi yín jókòó sílẹ̀. Kí wọ́n máa wí.

Tọ́pẹ́ wà lábẹ́ aṣọ dúdú. Lẹ́ńsì yẹn ò ní ohun tí wọ́n ń tẹ̀, fìlà mi la fẹ́ fi dé e lójú, kó ṣí i, kó ka ení, èjì, kó tún dé e padà. Kó tó dé ibẹ̀, mo pè é láti ilẹ̀. Mo ní, "Tọ́pẹ́, ṣé mo wọ ibẹ̀?"

Mo rí aṣọ dúdú yẹn tó ń mì, Tọ́pẹ́ ń ti orí lọ sí igun gíláàsì. Ó ní, "Ẹ wọ ibẹ̀, Bàbá. Mò ń wò yín."

Fọ́tò náà rèé. Ẹ má wo àárín, mo mọ̀ pé ẹ rẹwà. Ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ wò, bó bá wù yín ẹ ka irun imú mi. Ayé yìí ti sú mi díẹ̀, ọgọ́rùn-ún fọ́tò lẹ ń yà lójúmọ́, ẹ ò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó ṣí fìlà lójú lẹ́ńsì, ẹ bi igun. Tọ́pẹ́, gbé e kọ́ sára ògiri fún mi, síbi tó ṣófo yẹn… Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá mi bi mí, mo sì dá wọn lóhùn láì wò wọ́n.