Ọjọ́ Ìsìnkú Ìyá Rẹ Ni Mo Tó Gun Alùpùpù Náà

Ti ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ mi, kí o jókòó. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi bọ̀ nílé, ìwọ náà sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò gbọdọ̀ gbé lọ. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí o bá fẹ́ tutọ́ sí mi lójú, mi ò ní nù ún. Bàbá rẹ kọ́ ló pa ìyá rẹ. Èmi ni.

Má tíì dìde. Jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi, bàbá rẹ, nítorí bó ṣe máa ń gun alùpùpù. Àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti iléèwé máa ń bá a sáré, wọ́n á sì kọjá rẹ̀. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé bíréèkì iwájú ń ké. Mo tú u, mo pààrọ̀ àwo bíréèkì, irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, àti páàdì méjèèjì tó máa ń fún un mọ́ra téèyàn bá tẹ bíréèkì. Tuntun ni gbogbo wọn, tuntun kì í sì í tètè mú. Ẹni tó dè wọ́n ló gbọ́dọ̀ gùn ún lọ sójú ọ̀nà tó dá, á sáré díẹ̀, á rọra tẹ bíréèkì, á tún sáré, á tún tẹ̀ ẹ́, títí irin á fi gbóná tí àwo àti páàdì á fi mọwọ́ ara wọn. Mímú wọn mọra ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń pè é. Ó máa ń sọ pé iṣẹ́ tiwa ni, kì í ṣe ti oníbàárà.

Mi ò gùn ún. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò nínú fóònù. Ohun tó pa ìyá rẹ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ tí mò ń tì lẹ́yìn ò tiẹ̀ borí. Bàbá rẹ dé, ó bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti gùn ún wò?" Mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Mo ti gùn ún. Ó mú dáadáa." Ẹyin lohùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ìyá rẹ sẹ́yìn, wọ́n lọ.

Ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó já sí títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá. Bàbá rẹ tẹ bíréèkì, alùpùpù ò dúró. Ó yà sétí gọ́tà kí wọ́n má baà wọ abẹ́ ọkọ̀, ìyá rẹ já bọ́, ó sì forí gbá kọnkéré. Apá nìkan ló bó lára bàbá rẹ. Ọwọ́ ìdarí alùpùpù náà ló wọ́, wọ́n sì ní kí n gbé e sí ṣọ́ọ̀bù.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé kí bàbá rẹ, ohun kan náà ló ń sọ fún wọn, pé òun tẹ̀ ẹ́, òun tẹ̀ ẹ́, kò mú. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ní ó dáa, tí àwọn bá ti ìsìnkú dé, àwọn á gùn ún wò. Mo wà níbẹ̀, mò ń mi orí bí àgbà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni mò ń rò.

Èyí tó burú jù ló kù yìí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo ní orí ń fọ́ mi, mi ò lè dé itẹ́ òkú. Bí wọ́n ṣe gbé pósí jáde, mo tún ọwọ́ ìdarí yẹn ṣe, mo gun alùpùpù náà lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. Mo sáré, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Mo tún sáré, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo jẹ́ kó tutù. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò mú bíréèkì mọra dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ bo ìyá rẹ lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ gùn ún, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró gbagidi. Wọ́n ní kí bàbá rẹ náà gùn ún. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó wá kọjú sí mi, torí èmi ni mo mọ iṣẹ́.

"Àbí mi ò tẹ̀ ẹ́ ni, Bọ̀dá?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà ọ́. Ó máa ń ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀." Mo tiẹ̀ gbọ́wọ́ lé e léjìká. Ìkà tó ń ṣojú fúrú.

Ó gbà mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní Jẹ́jẹ́ mọ́. Ìyá ìyá rẹ mú ọ lọ, nígbà tó o sì dàgbà, "ọkọ ìyá mi" lò ń pè é. Èmi, Bàbá Mẹkáníìkì, lò ń pè ní bàbá. Mò ń gbọ́, mo sì ń dáhùn. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, èmi náà ló rán sí ọ pé kí n bá òun bẹ̀ ọ́. Mo wá, o rántí. Mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo gbé jó, mò ń bẹ̀ ọ́ kí o forí ẹ̀ṣẹ̀ mi ji ẹlòmíràn. O bi mí pé, "Bàbá Mẹkáníìkì, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ lè dárí ji ẹni tó pa ìyá mi?" Mo ní mo lè ṣe é. O ní kí n máa lọ.

Mo padà, mo sọ fún un pé ò ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ló ń wò títí ó fi kú.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó ti bá a, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró dè é ti lọ. Ìdáhùn tí mo fún ọ lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ni òun náà. Èmi àti ẹni tó pa ìyá rẹ la jọ ń sùn tí a jọ ń jí, mi ò tíì lè dárí jì í. Nítorí náà mi ò bẹ̀ ọ́ nítorí ara mi. Ṣáà dé ibi tí a sin bàbá rẹ sí, kí o pè é ní Bàbá. Mo mọ̀ pé kò ní gbọ́.