Ẹ Ní Kò Sí Ẹlòmíràn Nínú Ẹbí Wa

Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná ọbẹ̀ yẹn ná, mi ò lè máa bá ẹ̀yìn yín sọ̀rọ̀. "Rárá o, dókítà, kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí wa tó ní irú àyà yìí." Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, èmi Bùkúnọlá, àkọ́bí yín, mo sì jókòó tì yín, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí mo fi gbé yín dé ọsibítù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ẹ gbàgbé mi ni, àbí ojú mi ń tì yín?

Àyà Àdúràgbèmí àbúrò mi wọnú bí abọ́, mo gbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kì í bá ẹgbẹ́ ẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ nílé ìwé, ó ń tẹ̀ bí arúgbó kí ṣẹ́ẹ̀tì má baà lẹ̀ mọ́ ọn lára, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu ẹ̀yin àti Dádì mọ́. Ẹ gbààwẹ̀ fún un. Ẹ wá ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ọkàn ẹ̀. Ó dáa. Èmi ńkọ́? Tèmi ò jìn tó ni?

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, nínú ilé Rosettenville yìí, tí mo ṣí búláòsì mi hàn yín. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbójú kúrò. Ẹ ní kí n ní sùúrù, ọmú máa yọ, á bò ó. Ọmú yọ, Mọ́mì, kò bo nǹkan kan. Mo tún padà wá, ẹ ní wọn kì í fi ọ̀bẹ kan àyà ọmọbìnrin, pé àpá ni yóò kù, ta ni yóò wá fẹ́ mi. Mo gbọ́ràn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi síkáàfù bo ọrùn títí dé àyà nínú ooru, tí àwọn ará ọ́fíìsì mi ní Braamfontein fi ń kí mi kú ààwẹ̀ Ramadan.

Kí lẹ wí? Pé mò ń jowú àbúrò mi? Mò ń jowú ẹ̀. Nígbà tí dókítà rọra bi í pé, "Tí o bá wo ara rẹ nínú dígí, kí ló máa ń ṣe ọ́?" mo rántí pé kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣe mí bíi kí n ti ọmọ náà kúrò lórí àga, kí n jókòó síbẹ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn o, Mọ́mì.

Dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àwọn máa fi irin sẹ́yìn egungun àyà ẹ̀ kó lè tì í jáde, yóò wà níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ta, yóò dùn ún, kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ pinnu, kí ẹnikẹ́ni má tì í. Ló bá béèrè ẹlòmíràn nínú ẹbí, ẹ sì dá a lóhùn. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn, tí mo yọ síkáàfù, tí mo tú bọ́tìnnì méjì. Mi ò ṣe é láti dójú tì yín. Ẹ̀yin lẹ jáde, tí ẹ wọ táksì wálé.

Ẹ ò wá gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ. Ó ní, "Sister, you too?" ló bá bú sẹ́kún. Nínú mọ́tò, níbi tí iná pupa róbọ́ọ̀tì ojú títì ti dá wa dúró, ó ní òun rò pé ara òun nìkan ni Ọlọ́run ti ṣe àṣìṣe. Ọdún mélòó la fi jọ gbé ilé yìí, tí kálukú ń sá pamọ́ fún èkejì?

Mi ò ba nǹkan kan jẹ́. Ó ní òun ṣì máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àmọ́ ẹ̀rù ò ba òun tó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Dókítà ní kí èmi náà wá ní Ọjọ́bọ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá gbà kí wọ́n ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, egungun mi ti gan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa bá mi lọ. Ẹ má rán Dádì. Aago mẹ́jọ ni màá wá gbé yín, tí mo bá sì dé tí ẹ ò tíì wọṣọ, bí ẹ ṣe wà yẹn náà ni màá ṣe gbé yín lọ.