Ìbọn Tí Onímáṣíìnì Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tún Ṣe

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Onímáṣíìnì ti ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ láti àárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì tún sọ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ṣùgbọ́n ní báyìí, dókítà ti dẹ́kun bíbá a ṣàwàdà, èyí sì yé e ju gbogbo àlàyé lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Àìsàn sú u, bẹ́ẹ̀dì sú u, ṣùgbọ́n irọ́ tó ti ń gbé kiri látọdún gbọọrọ ló sú u jù, torí kò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó sinmi.

Bó ṣe ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ ìbọn nìyẹn. Ọkùnrin náà fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Farabalẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn nígbà tó ṣì ní ṣọ́ọ̀bù: "Fara balẹ̀, ìbọn la ń tún ṣe, kì í ṣe abọ́." Ní báyìí, kọ́kọ́rọ́ ló ń gé lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó tún gbé ìbọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ látìgbà tí ìbọn kan tó ní àmì rẹ̀ nídìí ti pa èèyàn. Onímáṣíìnì ló ni ìbọn náà, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, sì ni ìbọn náà pa.

Ọjọ́ tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ bá jáde ló fẹ́ kí Farabalẹ̀ wá. Obìnrin yẹn, opó tí ìbọn náà sọ di opó, òun ló ń tọ́jú rẹ̀. Onímáṣíìnì ò bímọ, ìyàwó tirẹ̀ sì ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Opó àbúrò rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń gbé e jókòó, òun ló ń gbé orí rẹ̀ sókè kó tó lè mu omi. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ta ni yóò tún gbé orí náà sókè? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ohun tó ti ń dí i lẹ́nu látọjọ́ yìí nìyẹn.

Àmọ́ Farabalẹ̀ ò kánjú rí láyé rẹ̀. Nígbà tó máa dé, obìnrin náà ti dé ṣáájú rẹ̀, ó ti ń fọ ìkòkò ní ilé ìdáná, kọ́tìnnì nìkan ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti yàrá aláìsàn.

"Ẹ kú ilé o," ni Farabalẹ̀ wí bó ṣe ń kọjá.

Obìnrin náà pòṣé, ó túbọ̀ ń ha ìkòkò. Kò dá ọkùnrin náà lóhùn látọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

Farabalẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. "Wọ́n ní o ń pè mí. Ara ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n," Onímáṣíìnì rọra sọ ọ́, ó ń wo kọ́tìnnì, "ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀."

"Gbé ohùn sókè. Etí mi ti di, o ṣáà mọ̀. Ariwo ìbọn ò fi í sílẹ̀."

Ó mọ̀, àfi bó ṣe gbàgbé. Òótọ́ kékeré tí kò ní kọjá kọ́tìnnì ló ti pèsè sílẹ̀. Ó wo àjà. Ó gbọ́ tí ìkòkò ń dún. Ó rò ó pé òun lè ní kí ọkùnrin náà padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ó sì mọ̀ pé ọjọ́ mìíràn náà ò sí mọ́. Ló bá gbé ohùn sókè.

"Ẹ rántí pé mo gbé ìbọn mi wá kí ẹ bá mi gé ìdí ẹ̀ kúrú, torí ó gùn jù fún apá mi. Ẹ gé e, ẹ sì tẹ àmì yín sí abẹ́ igi náà bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ tí mo wá gbà á, mo ní ibi tí ìka ń fà yẹn le jù, kí ẹ bá mi dẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ fún yín, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò tí iṣẹ́ bá fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní dẹ̀ ẹ́ tó bí mo ṣe ń fẹ́. Inú bí mi. Mo gbé ìbọn mi, mo lọ."

"Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?" Farabalẹ̀ ń fọwọ́ ra iwájú orí. "Mi ò rántí mọ́."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Máṣíìnì ìránṣọ ni Onímáṣíìnì fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe, ohun kan sì làwọn télọ̀ fi mọ̀ ọ́n: máṣíìnì tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń yí wíìlì rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá le kò tíì dára, ohun tó bá rọ̀ ló pé. Ọgbọ́n máṣíìnì ló gbé lọ sídìí ìbọn. Lọ́jọ́ tó gbé ìbọn náà padà wálé, ó jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yìí, ó to àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé kí ló tún kù tí ọwọ́ òun ò mọ̀ nípa sípíríìnì àti nọ́ọ̀tì.

"Àbúrò mi kìlọ̀ fún mi," ló ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ó ní, 'Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbé e padà fún Farabalẹ̀ jàre. Ṣé òun máa ń bá yín tún máṣíìnì ṣe ni?' Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní ojo ni. Mo mú fáìlì, mo ha irin náà títí tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá kàn fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìbọn máa dún. Mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn. Òmùgọ̀ èèyàn ni mí, inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Ìkòkò ṣì ń dún ní ilé ìdáná.

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń ba oko jẹ́ nígbà yẹn, ni èmi àti àbúrò mi bá lọ dọdẹ wọn. A dé ibi ọgbà oníwáyà. Ó kọ́kọ́ wọlé, ló bá yíjú padà, ó gbé wáyà náà sókè kí n lè ráyè kọjá. Ìdí ìbọn kan òpó. Ìka mi ò sí níbẹ̀ rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ó kàn kan òpó ni, ló bá dún. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ti ṣubú, ó ṣì di wáyà yẹn mú fún mi."

Ìkòkò dákẹ́. Ẹ̀rọ omi nìkan ló kù tó ń dà. Onímáṣíìnì mọ̀ pé obìnrin náà ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá ibi tó ti lè fà á padà.

"Ọlọ́pàá tú ìbọn náà, wọ́n rí ibi tí fáìlì ti ha á. Wọ́n bi mí pé ta ló tún un ṣe. Mi ò tiẹ̀ la ẹnu. Mo dojú ìbọn délẹ̀, mo nàka sí àmì yín. Ẹ ní ẹ ò fọwọ́ kan ibẹ̀. Àmọ́ nígbà tó ṣe, ẹ wá bá mi, ẹ ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín lásìkò yẹn, kò dá yín lójú mọ́. Ẹ ní, 'Jọ̀ọ́, ṣé mo fọwọ́ kàn án?' Èmi nìkan láyé yìí ló lè sọ fún yín. Mo ní, 'Ẹ fọwọ́ kàn án, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti gbàgbé ni.'"

Ó tún wo kọ́tìnnì. Èémí ń fún un.

"Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wa ní pálọ̀ wa, níwájú opó, ẹ ń sunkún, ẹ ní ọwọ́ yín ló pa á. Èmi tí mo pa á jókòó sórí àga, mo ní, 'Ẹ dìde, mo ti dárí jì yín.' Gbogbo èèyàn sì ń sọ pé inú mi mọ́."

Farabalẹ̀ gbé fìlà rẹ̀ sí ilẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n, ó yí wọn padà, ó tún ń wò wọ́n. Eruku irin kọ́kọ́rọ́ ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Ọwọ́ mi kọ́ nígbà yẹn," ló wí.

"Ọwọ́ yín kọ́."

"Ìyàwó mi tù mí nínú títí ó fi kú. Á ní, 'Àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe.' Ohun tí mi ò ṣe ló ń tìtorí rẹ̀ tù mí nínú." Ó gbé fìlà rẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ta ni mo wá fẹ́ lọ sọ fún báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Farabalẹ̀ dìde, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé Onímáṣíìnì ló wá ń na etí. "Lọ́jọ́ tó o dárí jì mí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Mo di ọwọ́ ẹ mú, mo dúpẹ́ dúpẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ọpẹ́ mi padà ná. Tó bá ku nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn, màá wá sọ fún ẹ."

Kọ́tìnnì ṣí. Opó náà dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi. Kò wo bẹ́ẹ̀dì. Ó kúnlẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Ẹ má bínú pé mi ò dá yín lóhùn."

Farabalẹ̀ fà á dìde. Ó mú fìlà rẹ̀. Obìnrin náà gba fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì sìn ín jáde. Onímáṣíìnì gbọ́ ohùn wọn ní ìta, ó gbọ́ tí obìnrin náà bú sẹ́kún, tí ọkùnrin náà sì ń sọ pé, "Fara balẹ̀, ọmọ mi, fara balẹ̀." Òun nìkan dùbúlẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ife omi wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ò sì tó o.

Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó padà. Ó gbé ife náà, ó fi ọwọ́ kan gbé orí rẹ̀ sókè bó ṣe máa ń ṣe, ó sì gbé omi sí i lẹ́nu. Lójoojúmọ́, Bàbá ló máa ń pè é tó bá ń fún un lómi. Lónìí kò pè é ní nǹkan kan.

"Ẹ mu ún," ló wí. "Mo ti ní kí Farabalẹ̀ padà wá lọ́la. Màá kó gbogbo àdúgbò wá síbí, ẹ ó sì tún un sọ látòkèdélẹ̀, kí wọ́n gbọ́. Ẹ ò gbọdọ̀ kú kí ilẹ̀ tó mọ́."

Onímáṣíìnì la ẹnu, ó mu omi náà tán.