Ìlà Mẹ́ta Tí Mo Fi Bo Àwọ̀ Pupa

Alága wa, tí ẹ jókòó sáàárín tábìlì gígùn yìí, ẹ̀yin tí ẹ gbà mí síṣẹ́ nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú, mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ olùdarí, mo kí yín. Ẹ̀yin aṣojú ilé ìwòsàn tí a ti ń bá ṣiṣẹ́ tipẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní òkè kejì, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Ìrísí, ẹ kú iṣẹ́. Arábìnrin tó ń tún ọ́fíìsì wa ṣe, tó mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ mi, tí kò fẹ́ràn ìjókòó gígùn, tó sì wá nítorí tèmi, mo kí ọ lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà tí a ti jókòó síbi ìfẹ̀yìntì mi yìí ni ẹ ti ń sọ rere nípa mi. Akọ̀wé ní òun kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ní èmi ni mo kọ́ òun bí èèyàn ṣe ń fi òótọ́ inú ṣiṣẹ́. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, omi inú ife tó wà níwájú mi ni mo sì ń wò, nítorí n kò lè wo ojú yín. Ta lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ṣé èmi yìí náà ni, àbí ẹlòmíràn ló ti ń bá mi jókòó sórí àga mi fún ọdún mẹ́tàlélógún?

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń de táì mi, ìyàwó mi ní kí n kàn dúpẹ́, kí n gbàdúrà, kí n sì jókòó. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹni tó ń lọ kì í tú ilé ká." Mo dá a lóhùn pé ilé náà ti tú tipẹ́, èmi ni mo fi aṣọ bò ó.

Àwọn àlejò kan wà níbí tí wọn kò mọ iṣẹ́ wa. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé wọn, torí bí kò bá yé wọn, wọn á rò pé nǹkan kékeré ni. Nígbà tí ẹ bá ṣí ojú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà, nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èkíní ni ohun tí ojú ìwé náà fẹ́ sọ: orúkọ, ọ̀rọ̀, àpótí, bọ́tìnnì. Èkejì ni fáìlì ìrísí, ibi tí a ń kọ ọ́ sí pé kí àkọlé yìí tóbi, kí àpótí yẹn pupa. Ẹ̀kẹta ni kóòdù, àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà, èyí tí búráúsà, ètò tí a fi ń ṣí ojú ìwé, ń fún láyè láti fọwọ́ kan ohunkóhun lójú ìwé lẹ́yìn tó ti ṣí tán. Kóòdù lè mú àpótí kan ṣoṣo, kó sọ fún un pé, gbàgbé ohun tí fáìlì ìrísí wí, èyí tí mo bá lẹ̀ mọ́ ọ lára ni kí o wọ̀. Èyí tí kóòdù bá lẹ̀ mọ́ àpótí lára ló máa ń borí. Bí ẹni tó kọ kóòdù bá sì tún sàmì sí i pé ó ṣe pàtàkì, fáìlì ìrísí lè máa pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ ọ.

Ibi tó ti burú nìyí: bí ẹ bá ṣí fáìlì náà wò, ẹ ó rí i pé pupa ló wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ojú ìwé kò ní rí pupa kankan.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan wà lọ́fíìsì wa tí gbogbo wa ń pè ní Aláwọ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, ọdún márùn-ún ló sì fi bá wa ṣe é. Kò sí àwọ̀ kan lójú ìwé wa tí kò lè sọ ìdí tó fi yàn án. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Kó tó yan àwọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, ó ní òun fẹ́ mọ bí ẹni tójú ń dùn yóò ṣe rí i. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á ní, "Aláwọ̀, ojú kejì ńkọ́, ṣé o ti yá ẹnì kan ni?" Òun náà á ní, "Mo yá àfẹ́sọ́nà ẹ, kó lè wò ẹ́ dáadáa kó tó gbà."

Òun ló ṣe ojú ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wo àkọsílẹ̀ aláìsàn. Lókè rẹ̀ pátápátá ló gbé àpótí kan sí, pupa, lẹ́tà funfun gbàǹgbà, tó ń sọ oògùn tí ara aláìsàn náà kò gbà. Mo bi í léèrè ìdí tó fi tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, nọ́ọ̀sì tó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá kò ní kàwé mọ́. Àwọ̀ ló máa kà."

Ọjọ́rú kan ni àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Alága, ó dá mi lójú pé ẹ rántí. Ẹ dúró lẹ́yìn àga mi, ẹ ní pupa yẹn ti pọ̀ jù, ó dà bí ìgbà tí à ń lé àlejò. N kò bá yín jiyàn. N kò pe Aláwọ̀, tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ, torí mo mọ̀ pé yóò kọ̀, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ kó kọ̀. Mo kọ kóòdù ìlà mẹ́ta. Ìlà kìíní wá àpótí náà rí. Ìlà kejì sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Ìlà kẹta sọ lẹ́tà rẹ̀ di wẹ́wẹ́. Mo sàmì sí ìlà kejì àti ìkẹta pé wọ́n ṣe pàtàkì. Inú fáìlì kékeré kan lórí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí ojú ìwé náà ti ń dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, ni mo fi wọ́n sí, èyí tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìyípadà tí gbogbo wa ń kọ orúkọ sí. Lórí kọ̀ǹpútà Aláwọ̀, pupa lòun ṣì ń rí. Mo ní bí àlejò bá ti lọ, màá yọ ọ́.

Àlejò wá, wọ́n yin iṣẹ́ náà, wọ́n lọ. N kò yọ ọ́. Ṣé mo gbàgbé ni? Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé. Irọ́ ni. Mo rántí ní ọjọ́ kejì. Mo tún rántí ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń jẹun lọ́wọ́. Mo ní ó di ọ̀la.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo ojú ìwé náà, wọ́n gbé obìnrin aránṣọ kan wọlé, ibà ń ṣe é. Orúkọ oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà wà nínú àpótí, kò kúrò níbẹ̀: lẹ́tà funfun wẹ́wẹ́ lórí àwọ̀ eérú. Nọ́ọ̀sì kò rí i. Wọ́n fún un lóògùn náà. Ara rẹ̀ bó bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Ó yè é. Ojú rẹ̀ kò yè é. Aránṣọ ni mo pè é, ẹ̀yin èèyàn mi.

Wọ́n pe ìpàdé sí yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Àwa márùn-ún ni. Kí n tó wọlé, mo lọ sórí sáfà, mo pa ìlà mẹ́ta náà rẹ́. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Aláwọ̀ ti tún fáìlì ìrísí rẹ̀ tò ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, òun sì ni wọ́n rí dì mú. Wọ́n ní àtúntò rẹ̀ ló ba àwọ̀ jẹ́. Ó ní rárá, ó ní kí wọ́n má ka fáìlì nìkan, nǹkan kan ló bo àwọ̀ òun mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ìwé náà níwájú gbogbo wa. Ó ti pupa padà. Ẹnì kan wá ní, ó ti yọ́ tún un ṣe kó tó wọlé, ìyẹn gan-an ló fi hàn pé ó jẹ̀bi. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Inú mi mọ ẹni tó yọ́ tún un ṣe.

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ bá mi wò ó."

Mo fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan."

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i; alága, ẹ ní ó tó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kó ife rẹ̀ àti ìwé àwọ̀ rẹ̀ sínú páálí. Èmi ni mo bá a gbé páálí náà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò rí ọ̀dájú! Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi sì ni mo fi wọ́ orí ọmọ. Wọ́n tún ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ní ọ́fíìsì yìí, ìka tí kò ṣẹ̀ la gé, a wá fi òrùka sí èyí tó ṣẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka. Mo gbé òfin kan kalẹ̀ pé a kì í fi kóòdù bo ìrísí mọ́lẹ̀. Kí kóòdù kàn fún àpótí lórúkọ, kí fáìlì ìrísí sì sọ ohun tí orúkọ náà yóò wọ̀, kí gbogbo èèyàn lè rí i kà. Ẹ ti kọ òfin yẹn sára àmì ẹ̀yẹ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òfin náà dára, ẹ má fi í sílẹ̀. Ojú aránṣọ kan àti orúkọ ọmọlọ́mọ ni wọ́n fi kọ́ mi.

Ìyàwó mi, lọ́dún yẹn o ra kọ́tìnnì pupa sí pálọ̀. Mo já a bọ́, mo pariwo lé ọ lórí, n kò sọ ìdí. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń bi mí pé kí lo ṣe. O ò ṣe nǹkan kan. Má bínú.

Oṣù tó kọjá ni mo tó wá Aláwọ̀ lọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó ń kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn àti ọkọ̀ fún àwọn oníṣòwò. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n dìde, ọ̀dà tútù wà nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Kò jẹ́ kí n dé ìdajì.

"Bàbá, mo ti mọ̀."

Mo ní, láti ìgbà wo?

"Láti àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé. Mo ṣí ojú ìwé náà bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣí i, mo yẹ ara àpótí yẹn wò. Mo rí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, mo rí fáìlì tó ti wá. Èèyàn méjì péré ló ń wọ sáfà yẹn, ẹ̀yin àti ọ̀gá, ọ̀gá ò sì mọ kóòdù kọ."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ nínú ìpàdé. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ògiri.

"Mo sọ ọ́ fún yín. Mo ní kí ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́, mo fẹ́ kó ti ẹnu yín jáde."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe pé ó ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Ó ń fún mi láyè láti jẹ́ èèyàn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ń po ọ̀dà nínú ike, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti gbọ́. Níwájú èèyàn lẹ ti ní ẹ ò rí nǹkan kan. Níwájú èèyàn ni kí ẹ ti rí i." Mo pè é síbí lónìí. Ó ní òun níṣẹ́.

Nítorí náà, mo rí i. Níwájú gbogbo yín, mo rí i. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo pa á rẹ́, èmi ni mo purọ́. Aláwọ̀ kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Alága, mo rí ọwọ́ yín nítòsí gbohùngbohùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí. N kò wá di ẹ̀bi mi rù yín. Ẹ ní pupa pọ̀ jù, ẹ ò ní kí n fi ọmọlọ́mọ gba ìyà.

Ẹ̀dà ìlà mẹ́ta náà wà nínú àpò ìwé yìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí mo kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà mi àtijọ́ ni mo ti rí i. Ọ̀kan wà fún ilé ìwòsàn, torí nọ́ọ̀sì yín sọ pé òun kò rí pupa, gbogbo wa sì kọ́kọ́ ní ó ń purọ́. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí Aláwọ̀. Ẹ má kọ ọ́ pé bóyá a ṣẹ̀ ọ́. Ẹ kọ ọ́ pé a ṣẹ̀ ọ́. Àmì ẹ̀yẹ yìí ń bẹ lórí tábìlì, n kò ní gbé e lọ sílé. Ní ti aránṣọ náà, ọ̀la ni mo ń lọ. Mo ti bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní kí n má mú ẹ̀bùn dání.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní àṣírí tí yóò dàgbà jù yín lọ. Kí ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ má di ọwọ́ tí ẹ ó máa fi pamọ́. Kí ìyá tó bímọ má rí ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe àmín, ẹ yọ tèmi kúrò ná. Tèmi ń bẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Alága, nọ́ńbà Aláwọ̀ ni mo kọ sẹ́yìn àpò ìwé náà. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè é. Ó ṣeé ṣe kó má gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún pè é. Ẹ má sọ pé mo sunkún, ẹ má sọ pé mo ti darúgbó. Ẹ kàn sọ fún un pé gbogbo wa ti rí i.

Ẹ ṣé o tí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.