Ìwé tí Mo Ní Kí Ìyá Mi Tẹ̀ka Sí

N kò lè jókòó sójú kan mọ́. Bí mo bá jókòó, ó dà bíi pé ẹnìkan ń tì mí dìde. Bí mo bá dìde, ẹsẹ̀ mi kò mọ ibi tó ń lọ. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́, mo lè kọ iṣẹ́ sára pátákó dé ìdajì kí n gbàgbé ohun tí mo ń kọ, àwọn ọmọ á sì máa wò mí. Ìrun Àlàásárì tí mo kí lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un kí, nítorí n kò mọ iye ráká tí mo ti kí. Ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ ni wọn yóò pe ọ̀rọ̀ wa ní kóòtù, n kò sì tíì mọ ohun tí ẹnu mi yóò sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Kì í ṣe ẹlòmíràn ló ṣe mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi, mo sì ṣe ìyá tó bí mi mọ́ ọn.

Ìyá mi ta iṣu ní ọjà Ìpàta ní Ìlọrin níbí fún ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Bó bá ti gbá iṣu lẹ́ẹ̀kan báyìí, á ti mọ èyí tó ń jẹrà nínú. Nígbà tí bàbá wa kú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, Sùlé, àbúrò mi kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ìyá kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Ìdí iṣu yìí ló ti tọ́ wa, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà nítòsí Ọjà-Ọba, orúkọ rẹ̀ nìkan ló sì wà lórí ìwé ilé náà. Nígbà tí ogbó dé, Sùlé ló ń bá a gbé. Fíríìjì ni Sùlé ń tún ṣe. Òun ló ń gbé omi àlùwàlá fún un ní ìdájí, òun ló ń bá a gé èékánná, òun ló ń mú un lọ sílé ìwòsàn. Èmi wà nílé ọkọ mi lápá Ọ̀fà Garage, ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń yọjú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà láàárín èmi àti Sùlé. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ó ta ilẹ̀ oko bàbá wa láìsọ fún mi. Ó tọrọ àforíjì, Ìyá ní kí n gbà, mo sì fẹnu gbà. Ẹnu nìkan ni.

Nígbà tó yá, Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Á ní òun fẹ́ lọ mú bàtà, bútà àlùwàlá ló máa mú bọ̀. Á fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pè mí, á sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín bó bá rántí. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣì pọ̀ ju èyí tó dàrú lọ nígbà náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo dé, mo bá Sùlé àti ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí, wọ́n ń fi téèpù wọn ilẹ̀ lẹ́yìn yàrá Ìyá. Sùlé kí mi, ó sì ń bá ohun tó ń ṣe lọ. N kò bi í léèrè ohunkóhun. Mo ti sọ fún ara mi pé títà ló fẹ́ ta ilé. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tó bá pọ̀ jù a máa pa aláìsàn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá lọ́yà kiri. Èyí tí mo kọ́kọ́ bá ní ẹjọ́ ọ̀daràn lòun mọ̀, òun kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ arúgbó kọ́ṣẹ́. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló wá júwe lọ́yà obìnrin kan fún mi, ará Ọ̀mù-Àrán, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe jù: ilé wọn, owó ìfẹ̀yìntì wọn, ẹni tí yóò máa bá wọn ṣètò nǹkan bí ara wọn kò bá gbé e mọ́. Obìnrin náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi títí. Ta ló ń bá Màmá gbé? Kí ni Màmá fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́? Ṣé àbúrò mi mọ̀ pé mo wá? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí bí mi nínú. Síbẹ̀ mo mú un lọ sílé. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá, ó jókòó tì í lórí ẹní, ó wá yíjú sí mi pé kí n jọ̀wọ́ bọ́ síta díẹ̀.

Mo ní èmi ni mo pè é wá.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," lọ́yà náà ní, "ẹ̀yin lẹ pè mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ìyá ni mo wá ṣe. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn fúnra wọn."

Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń lọ, mo ń bọ̀. Mo gbọ́ tí Ìyá rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín? Nígbà tí lọ́yà jáde, ó ní ara Ìyá dá ṣáṣá lónìí, Ìyá mọ ohun tó fẹ́, ó sì ti sọ ọ́. Ó ní òun yóò kọ ọ́ sílẹ̀, òun yóò padà wá ní ọjọ́ kẹjọ láti kà á fún un ní Yorùbá lójú àwọn ẹlẹ́rìí, kó tó fọwọ́ sí i. Mo ní kí ni Ìyá sọ. Ó ní kí n bi Ìyá. Ẹ wò ó, n kò bi í. Ìbéèrè kan péré! Ẹ̀rù ló bà mí, mo ti gbà lọ́kàn pé ó ti kó ilé fún Sùlé.

Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, mo pe lọ́yà náà lórí fóònù pé Ìyá ti rìnrìn àjò, kó má wá mọ́. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn Ìyá. Mo pa fóònù, n kò sì gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Mo wá lọ́yà mìíràn lọ ní Ọ̀fà Garage, lókè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta táyà. Èyí kò bi mí ní nǹkan kan. Mo ní mo fẹ́ ìwé tí yóò fún mi láṣẹ lórí ilé ìyá mi, ó ní ó ti parí. Kò rí Ìyá sójú rí. Ó kó ìwé lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú yíǹkì, ó ní kí n lọ ní kí Ìyá tẹ̀ka sí i.

Mo yan àkókò tí Sùlé lọ síṣẹ́. Ìyá jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo mú ọwọ́ rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní, "Ìwé ilé ìwòsàn ni, Ìyá. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ káàdì yín."

Ó wo ìwé náà bí ẹni ń wo iṣu, ó wá wo ojú mi. "Bó bá ti jẹ́ ìwọ lo ní kí n tẹ̀ ẹ́," ó ní, "mo tẹ̀ ẹ́."

Lẹ́yìn náà ó fi etí ìró rẹ̀ nu yíǹkì kúrò ní àtàǹpàkò, ó sì gbàdúrà fún mi pé ọmọ tèmi náà yóò tọ́jú mi. Mo ṣe àmín.

Oṣù kan kò tíì pé tí mo fi gbé ìwé náà síwájú Sùlé, tí mo ní kó kó jáde. Ó kà á lórí ìdúró, ó tún un kà. Ó bi mí bóyá Ìyá mọ̀ sí i. Mo ní ìka ta ni ó rò pé ó wà níbẹ̀. Kò jà, kò sì bú mi. Lọ́jọ́ kẹta ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba Jẹ́bà lọ. Mo gba obìnrin kan pé kó máa tọ́jú Ìyá. Ìyá kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń bi wá ni pé, ṣé Sùlé ti dé láti ibi iṣẹ́? Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn kíákíá, bí ẹni pé ẹni tó ń di ìmọ́lẹ̀ náà mú ló bá Sùlé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ pé wọn kò rí i mọ́. Mo sáré káàkiri Ọjà-Ọba pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìpàta ni a ti rí i. Ó ń lọ láti ìdí ọkọ̀ akẹ́rù kan sí èkejì láàárín àwọn tó ń já iṣu, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọmọ òun, ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn, kó má bọ́ sí abẹ́ ọkọ̀. Obìnrin kan tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà pípẹ́ ló mú un jókòó sórí àpò. Nígbà tí mo dé, Ìyá wò mí, ó ní, "Ẹ kú ọjà o." Kò mọ̀ mí.

Ọjọ́ náà ni mo padà sọ́dọ̀ lọ́yà ará Ọ̀mù-Àrán, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́ ọ̀kan kù. Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní Ìyá kò lè fọwọ́ sí ìwé tuntun mọ́, nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbé e. Kóòtù nìkan ló lè fagi lé ti àkọ́kọ́, kó sì yan ẹni tí yóò máa bójú tó o. Ó ní iṣẹ́ Ìyá lòun ń ṣe, òun kò lè gbẹjọ́ mi rò, kí n wá lọ́yà tèmi. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ lọ wá àbúrò mi.

Mo bá Sùlé ní Jẹ́bà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n. Ó yára gbé mi dìde, kò sì wo ojú mi. Ó ní birikìlà ni ọkùnrin tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀ nígbà náà. Ilé ìwẹ̀ lòun fẹ́ kọ́ mọ́ yàrá Ìyá, kó má baà máa gba inú àgbàlá lọ nínú òjò. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí lọ́yà obìnrin yẹn wá, Ìyá pe òun jókòó. Ìyá ní èmi lòun fẹ́ kó máa mójú tó ilé, nítorí mo mọ̀wé, kí Sùlé má bínú, kí a má sì lé e jáde níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí òun bá wà. Sùlé ní òun gbà.

"Nígbà tí ẹ gbé ìwé yẹn wá," ó ní, "mo rò pé Ìyá ti kọ̀ mí ni. Àṣé ohun tí wọ́n ti fún yín lẹ lọ jí."

Ó padà sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì, nítorí Ìyá, kì í ṣe nítorí tèmi. Ìyá ti ń jẹun. Èmi àti Sùlé ń kí ara wa, ó pin síbẹ̀. Ẹjọ́ láti fagi lé ìwé náà ti wà ní kóòtù báyìí. Àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ ààfáà àgbà nílé wa, ní kí n sọ fún adájọ́ pé Ìyá mọ ohun tó tẹ̀ka sí, pé lẹ́yìn náà ni gbogbo wa yí èrò padà. Ó ní kí n má dójú ti ìdílé. Ọkọ mi ní ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì, kí n má fi ẹnu ara mi ba iṣẹ́ mi jẹ́. Lọ́yà tí mo gbà ní bí mo bá parọ́ níbẹ̀, ìwé náà lè dúró, ohun tí Ìyá sọ pé kí a má lé Sùlé jáde yóò sì di òfo. Sùlé kò sọ ohunkóhun. Ìyẹn ló ń yọ mí lẹ́nu jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ti dàgbà, ẹ tètè wá lọ́yà nígbà tí ọkàn wọn ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò gbọ́ tẹnu wọn. Èyí tó bá ń ṣe gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ láì bi yín ní ìbéèrè, ẹ sá fún un. Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Wọn yóò gbé Kùránì lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ Àlàmísì. Ṣé kí n sọ lójú gbogbo ayé pé irọ́ ni mo pa fún ìyá mi, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbọ́ ọ mọ́ kó dárí jì mí? Àbí ta ni yóò dárí rẹ̀ jì mí bí mo bá dákẹ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀wọ́. Ọjọ́ ti súnmọ́.