Èkejì Mẹ́mọ́rì Náà Rèé Lọ́wọ́ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì ní kí n jókòó. Bí mo bá jókòó sórí àga yìí, tí ẹ gbé omi fún mi bí ẹ ti máa ń ṣe, ara á tù mí, bí ara bá sì ti tù mí, màá tún purọ́. Mo mọ ara mi. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi ẹnu ọ̀nà yìí kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi pa rédíò yẹn. Ọ̀rọ̀ tó da ilé yìí rú, tí àbíkẹ́yìn yín, Ọ̀rẹ́-Bàbá, fi kó ẹrù rẹ̀ jáde, èmi ni mo mọ òótọ́ ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè gbé e mọ́.

Ṣé ẹ rí nǹkan pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ mi yìí? Mẹ́mọ́rì ni, ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń gbé iṣẹ́ lé kó tó fi í pamọ́. Ó wà lára méjì tí ẹ kó fún mi, mà. Ẹ rántí pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ lọ rà á. Kọ̀ǹpútà yín ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nígbà náà. Tí Ọ̀rẹ́-Bàbá bá ti fẹ́ gba ohùn inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì bàbá wọn sínú rẹ̀, ńṣe ló máa ń dákú. Mo ní kí ẹ ra mẹ́mọ́rì sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ má rà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ra méjì tó wà nínú páálí kan náà, tí wọ́n jọ ti ibì kan náà jáde, tí agbára wọn dọ́gba, torí wọ́n jọ máa ń ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn yé yín kíá. Aránṣọ ni yín. Ẹ ní bí apá ẹ̀wù ni, pé èèyàn kì í gé apá ọ̀tún lára aṣọ kan kó gé tòsì lára òmíràn. Èmi tí mo kọ́ yín ni mo wá lọ ṣe òdìkejì rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo wá fi í sí i, nínú pálọ̀ yìí, níbi tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹnu mi ò dákẹ́. Dókítà kọ̀ǹpútà lẹ̀ ń pè mí, orí mi sì ń wú. Mo dojú kọ̀ǹpútà délẹ̀, mo ṣí ìhà rẹ̀, mo ń sọ ìtàn ẹ̀rọ kan tí gbogbo ayé ti ní ó ti kú tí mo jí dìde. Mi ò tíì yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri. Iná tíńtín kan ń tàn lórí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún mi pé iná ṣì wà lára rẹ̀. Mo rí i, mà. Mo rí i kedere, mo sì ń bá ìtàn mi lọ, torí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín sì dùn mọ́ mi. Mẹ́mọ́rì àkọ́kọ́ wọlé jẹ́jẹ́. Mo fi èkejì sí i ní wíwọ́, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dún tá, òórùn kékeré kan sì jáde. Ẹ bi mí pé kí ló ń rùn. Mo ní eruku ni.

Ká ní mo sọ ọ́ nígbà yẹn ni. Ká ní mo ní, "Mà, mo ti ba ọ̀kan jẹ́," ẹ̀ bá pòṣé, ẹ̀ bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ǹ bá wá òmíràn, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà ni mí. Mo purọ́ pé mo gbàgbé nǹkan sí ṣọ́ọ̀bù, mo sọdá títì, mo fa dúrọ́ọ̀ tí mo máa ń ju ẹ̀yà ara àwọn kọ̀ǹpútà tó ti kú sí, mo mú mẹ́mọ́rì ògbólógbòó kan tí ìwọ̀n rẹ̀ bá tiyín mu. Èmi náà ni mo jù ú síbẹ̀ torí pé mi ò fọkàn tán an. Mi ò tilẹ̀ dán an wò. Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó yè, mo tan ẹ̀rọ, ó ka méjèèjì pọ̀, iye rẹ̀ sì pé. Ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ nìyẹn, kó ka iye. Kì í sọ fún èèyàn pé ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe ará ilé. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà nínú àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Olóògbé ọkọ yín tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun, tí kì í kọ lẹ́tà, tó jẹ́ pé ohùn ló ń fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rẹ́-Bàbá kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Orí kọ̀ǹpútà tèmi la ti ṣe é. Bàbá kọ́kọ́ wúkọ́, wọ́n wá ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé eyín iwájú yẹn ti hù?" Ọ̀rẹ́-Bàbá, ọmọbìnrin yín, rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu bí ọmọdé. Ohùn náà mọ́ gaara. Ó wá gba àwọn yòókù fúnra rẹ̀ nílé yìí, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ti gbó, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí wọ́n lè yí. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n ń já. Ó ń gbọ́ wọn ketekete bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kò mọ̀ pé ògbólógbòó mẹ́mọ́rì mi ń bà wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ tó fi wọ́n pamọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ kó ara yín jọ láti gbọ́ wọn, ariwo ni ẹ gbọ́. Àwọn ohùn mìíràn kọ̀, wọn ò ṣí rárá. Wọ́n ní ẹ gbé etí lé ẹ̀rọ náà, ẹ sì ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rẹ́-Bàbá tó wà níbí yìí gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi. Kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀ ni mo ti mọ̀. Bí wọ́n ṣe jáde lọ dáhùn fóònù, mo yọ mẹ́mọ́rì burúkú yẹn, mo yọ òmíràn tó bá tiyín mu lára ẹ̀rọ tèmi, mo ki í bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n padà, mo dán ẹ̀rọ náà wò lójú wọn, mo ní kò ní àrùn kankan. Wọ́n bi mí pé ta ló wá ba ohùn bàbá àwọn jẹ́. Ǹ bá ní mi ò mọ̀. Mo ní, "Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni kí ẹ bi." Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe ń wò mí yẹn, ó tọ́ sí mi.

Mà, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Ọ̀rẹ́-Bàbá wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Kò wá bá mi jà. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Mo fẹ́ bẹ màmá mi, mi ò sì mọ ohun tí màá ní mo ṣe." Èmi ìkà yìí, mo fa àga fún un. Mo ní ńṣe ló ń pa ẹ̀rọ kí ó tó parí ìfipamọ́. Ó ní, "Mo dúró, Bọ̀dá. Mo rò pé mo dúró." Mo ní, "O rò ni." Ó wo àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó bi mí bóyá kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi. Mo ní mo ti pa á rẹ́. Irọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ọ̀nà tí ó fi ń gbà á dára, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e pamọ́. Ó padà sílé, ó kúnlẹ̀ níwájú yín, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ tí mo kọ́ ọ. Ẹ ní kó kúrò lójú yín. Ìjẹ́wọ́ tí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mà, tèmi ni.

Lánàá, mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ìyá àgbà kan na fóònù sí i pé kó bá òun fi nọ́ńbà ọmọ òun pamọ́. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ fún ẹlòmíràn, mà. Èmi máa ń ba nǹkan jẹ́." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo sá jáde níbẹ̀.

Mi ò ní ẹ̀kọ́ kankan fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ ti rí ohun tí mo fi ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ èèyàn gbẹ̀yìn ṣe. Mẹ́mọ́rì tó jóná rèé, mo gbé e sórí tábìlì yín. Fíláàṣì rèé, ohùn ọkọ yín tó ṣẹ́ kù láyé ló wà nínú rẹ̀, mo ti ń tilẹ̀kùn gbọ́ ọ bí olè. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí. Bó bá wù yín, ẹ lé mi kúrò ní àdúgbò yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbọ́ ohùn náà, ẹ má dá mi lóhùn pàápàá, kí ẹ tó pe Ọ̀rẹ́-Bàbá. Ẹ bá mi gbé fóònù, mà, ẹ pe ọmọ yín. Ẹ sọ fún un pé ó dúró. Ẹ sọ fún un pé lóòótọ́ ló dúró.