Obìnrin Tó Ń Sá Èlùbọ́ Lórí Sàréè

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ dákun, ẹ má tíì dá orin ìparí. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀bẹ kàn mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà nínú mi. Mo ti ní kí wọ́n bá mi pe Bàbá Oyèbánjí, wọ́n sì ti jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Láti ọdún tó kọjá lẹ ti ń pe Ìkẹ́olúwa ní ọ̀dàlẹ̀. Ìkẹ́olúwa kọ́ ló tú àṣírí Dúpẹ́. Èmi ni. Èmi Fẹ́yìsayọ̀, opó Akínyẹmí, Màmá Tíṣà yín, tí ẹ máa ń ní kó gbàdúrà ìparí.

Ẹ rántí bí ọmọ náà ṣe dé Ìtapàjí. Yunifásítì ló rán an wá. Ó ní ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ jẹ mọ́ bí ẹ̀dá ṣe ń gbé láwùjọ, òun sì fẹ́ mọ bí àwa opó tí àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó àti lókè òkun ṣe ń lo ọjọ́ wọn, láti ìgbà tí a bá jí títí di ìgbà tí a bá sùn. Kì í ṣe irú àwọn tó ń gbé ìbéèrè wá láàárọ̀ tí wọ́n á sì ti lọ kó tó di ọ̀sán. Ó ní òun gbọ́dọ̀ bá wa gbé, kí òun bá wa pọn omi, kí òun bá wa lọ sóko, kí òun jókòó tì wá títí a ó fi gbàgbé pé àlejò ni òun. Àlùfáà ní kó dé sílé mi, nítorí pé yàrá kan ṣófo níbẹ̀. Ẹ mọ yàrá náà. Yàrá Ìmọ́lẹ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, tó kú sí Ìbàdàn. Èmi ni mo tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn fún Ìkẹ́olúwa. Nígbà tó sì di ọjọ́ kejì tó pè mí ní "Màmá mi," mo sá wọ inú ilé ìdáná kó má baà rí ojú mi.

Ṣùgbọ́n bó bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, bí ẹni ń dáhùn ìbéèrè kátíkísìmù ni mo ń dá a lóhùn. "Màmá mi, báwo ló ṣe rí lára yín lẹ́yìn tí Bàbá lọ?" "Ọlọ́run tó fún wa." "Tí ẹ bá dá jókòó ti oúnjẹ, kí lẹ máa ń rò?" "Mo máa ń dúpẹ́ ni." Á mi orí, á rẹ́rìn-ín, á wọ bàtà, ó di ọ̀dọ̀ Dúpẹ́.

Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí ní ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n tó bá ń sá èlùbọ́ lórí sàréè ọkọ rẹ̀ níwájú ilé, tó ń tẹ́ iṣu náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ pé, "Bàbá Múyìwá, ẹ bá mi ṣọ́ ọ o, kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́. Ẹ ò kúkú níṣẹ́ mìíràn." Ìkẹ́olúwa á rẹ́rìn-ín títí á fi fẹ̀yìn ti ògiri. Láti ilé mi ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín náà, ọbẹ̀ mi á sì máa tutù lórí tábìlì. "Màmá mi, ẹ má bínú, mo ti jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Múyìwá." Mo ní kò burú. Irọ́ ni mo pa, ó burú. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó pe Dúpẹ́ náà ní "Màmá mi." Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè láti ìlú òyìnbó ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi! Ọ̀kan tí mo ní, ó tún fẹ́ gbà á. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Owú ni, mi ò ní fún un lórúkọ mìíràn.

Nígbà tí ìwádìí rẹ̀ parí, ó ní ìlànà iṣẹ́ àwọn ni pé kí òun ka ohun tí òun kọ fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ dá olùsọ̀rọ̀ mọ̀. Ó kọ́kọ́ gbé e fún mi. "Màmá mi, mo ti yí orúkọ gbogbo wọn padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ará ìlú lè fi dá ènìyàn mọ̀. Èyí tí ẹ bá tọ́ka sí, mo máa yọ ọ́." Mo ní kó yọ ẹsẹ̀ tíro ẹnìkan, ó yọ ọ́. Mo ní kó yọ ìbejì ẹlòmíràn, ó yọ ọ́. Mo wá kan ibi tí Dúpẹ́ ti sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ òun kò na òun rí, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, etí òun kì í sùn títí òun á fi gbọ́ irú ẹsẹ̀ tó gbé wọlé. Ó ní lọ́jọ́ ìsìnkú, omijé kò wá, omi ìkòkò ni òun fi pa ojú. Ó ní láti ìgbà náà ni òun ti ń sùn.

Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni èlùbọ́ orí sàréè wà. Ìkẹ́olúwa ní, "Èyí ńkọ́, Màmá mi? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní, "Fi sílẹ̀. Ta ni kì í sá nǹkan lórí sàréè?" Ó ní, "Àti ohun tó máa ń sọ fún ọkọ rẹ̀?" Mo ní, "Àti ìyẹn."

Mo fẹ́ kí Dúpẹ́ bínú sí i, kó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ọmọ náà padà sọ́dọ̀ mi. Mo ti ń sọ fún ara mi pé mi ò ronú kan àwọn ẹbí ọkọ. Mo ronú kàn wọ́n. Lọ́jọ́ tí Ìkẹ́olúwa kà á fún ìlú, inú gbọ̀ngàn yìí náà ni, mo rí Bàbá Oyèbánjí, àbúrò ọkọ Dúpẹ́, ní iwájú kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀, mo sì dákẹ́. Nígbà tó ka ibi èlùbọ́ náà, Dúpẹ́ di ọwọ́ mi mú. "Fẹ́yì, èmi rèé." Mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́." Bàbá Oyèbánjí dìde. "Màmá Tíṣà, ẹ̀yin lẹ gba ọmọ yìí sílé, ẹ ò sì ní purọ́ fún wa. Ṣé ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyí, àbí òun kọ́?" Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ bi òun fúnra rẹ̀." Mo mọ̀ pé Dúpẹ́ kò mọ irọ́ pa láti kékeré. Ó ní, "Èmi ni."

Ẹ gbọ́ ohùn Bàbá lọ́jọ́ náà: "Omi ìkòkò? Kó ẹrù rẹ kúrò ní ilé ẹ̀gbọ́n mi!" Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Dúpẹ́ ti wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀tùn. Ìkẹ́olúwa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ létí mọ́tò. Ó gba gbogbo ẹ̀bi náà sọ́rùn, kò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Èmi ló tún ń rẹ̀ lẹ́kún: "Ẹ má sunkún, Màmá mi, ẹ ò mọ̀ ni."

Mo pè é níjẹta, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó wá ní, "Mo bi yín, Màmá mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi yín. Ẹ ò jẹ́ kí n wọlé."

Bàbá Oyèbánjí, mi ò lè kúnlẹ̀ mọ́, ẹ bá mi ka ìjókòó yìí sí ìkúnlẹ̀. Omijé tòótọ́ ni mo fi sin ọkọ mi, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí mo ṣe. Omi ìkòkò ni Dúpẹ́ fi pa ojú, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ẹ ṣí ilé fún un. Mo gba iwájú ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí, koríko ti bo ẹsẹ̀ sàréè, ewúrẹ́ sì ń sùn lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti lé e lọ, kò sí ẹni tó tún bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀.